Ọ̀gá Mi Tó Ń Wá Ayé Tuntun Nínú Láfún

Bí mo bá ti rí láfún tí wọ́n sá sórí àpáta, ọ̀gá mi obìnrin tó kọ́ wa ní físíìsì l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo máa ń rántí. Eruku tó yí ìràwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ká, láfún ni ọ̀gá mi ń pè é.

"Ayé tuntun tó ń dàgbà nínú ẹ̀, adìẹ ni. Ẹ lè má rí adìẹ, ẹ ó rí ibi tó tẹ̀," ni wọ́n máa ń wí fún wa.

Epo dùndún tí wọ́n ń rà ní Under G, lẹ́bàá yunifásítì wa, kì í gbẹ lọ́wọ́ wọn. Kọ̀ǹpútà wọn ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí àmì kan tó ń tàn nínú àwòrán irú eruku bẹ́ẹ̀. Mo pariwo, mo pe ìyá mi l'Ọ́yọ̀ọ́ lórí fóònù. Kíá, gbogbo Ọjà Akẹ̀sán ti gbọ́ pé mo ká Ọlọ́run mọ́ ibi tó ti ń mọ ayé tuntun.

Ọ̀gá mi wò mí tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. "Ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ. Tún iṣẹ́ yẹn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo tún un ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, àmì náà ti pòórá.

"Pe màmá ẹ," ni wọ́n wí, "sọ fún wọn pé àbíkú ni."

Ọ̀gá mi ti fẹ̀yìn tì báyìí. Lánàá, àwòrán tuntun dé láti òkè òkun, àmì mi sì tún wà níbẹ̀. Mo pe ọ̀gá mi. Mo ń gbọ́ dùndún lẹ́nu wọn.

"Mà, ó ti padà wá o!"

Wọ́n gbé e mì. "Ọjọ́ kélòó rèé?"

"Ọjọ́ kìn-ín-ní, mà."

"Ó dáa. Má tíì pe màmá ẹ."