Agogo Ìwúrí Mi Tú Iléèwé Ká

Ẹ gbà mí o! Mo fọwọ́ ara mi tú iléèwé ká lónìí.

Ẹ mọ̀ pé mo ta fíríìsà mi kí n lè kó agogo wá láti Ṣáínà, irú èyí táwọn òǹwòran ń mì nídìí bọ́ọ̀lù lókè òkun láti fi wú àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó rà á ní gbogbo Ẹdẹ.

Òní ni iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Fúnmi ọmọ mi ń lọ ṣe ìdíje eré sísá. Mo pín agogo fáwọn òbí lọ́fẹ̀ẹ́, pé bí wọ́n bá gbádùn ẹ̀, wọ́n á rà á.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo pariwo, "Ẹ mì í!" Àwọn òbí mì í.

Ọmọ tó wà níwájú pátápátá yà kúrò lójú ìlà, ó lọ gbé báàgì ẹ̀. Làwọn tó kù bá tẹ̀ lé e. Wọ́n rò pé agogo ìjáde ni!

Ọ̀gá iléèwé sáré bá mi.

"Mọ́mì Fúnmi, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ẹ má bínú, mà. Agogo ìwúrí ni."

"Ó ti wú wọn lórí dé géètì! Ó yá, ẹ tún un mì, kí wọ́n lè padà."

Mo mì í. Àwọn ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù náà gbé báàgì.

Mo ru páálí agogo délé tomijétomijé. Fúnmi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ẹ ṣé gan-an. Ṣé ẹ máa kó o wá lọ́la?"

Oníbàárà kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn, kò sì lówó lọ́wọ́. Ẹ̀yin ńkọ́?