Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Ilé Wa Gbé Wá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ohun tó níyì lábẹ́ ọ̀run tó ẹ̀jẹ̀ ilé wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí fìlà kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì kàn ń sáré káàkiri ara wọn ni. Tiwa ń yan. Ẹ̀fọn tó bá fẹ́ mu nínú ẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí bàbá mi fún un láyè. Bàbá mi lè ka àwọn baba ńlá rẹ̀ láti orí ara rẹ̀ títí dé Wádáì, níbi tí wọ́n ní àwa Ìjẹ̀bú ti ṣẹ̀ wá, láì mí. Ó kà á fún àlejò, ó kà á fún àlùfáà ìjọ wa, ó kà á fún ẹni tó wá wo mítà iná, tí ìyẹn dúró pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, tó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà sá lọ. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ìran rẹ̀ nìkan ló kù fún un láti máa bójú tó.

Nínú ilé yìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú ọkùnrin kan wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni ọkùnrin náà, tíṣà bàyọ́lọ́jì ní ilé ìwé girama kan nílùú wa. Orúkọ rẹ̀ sì ti dé ilé wa kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, torí gbogbo ìyá tó lọ́mọ nílé ìwé náà ló ń pariwo pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ pé ọ̀bọ ló bí wọn.

Bàbá mi kò jẹ́ kó jókòó dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lò ń sọ fún àwọn ọmọ pé ọ̀bọ ni bàbá wa?"

"Rárá, sà. Ohun tí mo sọ ni pé àwa àti ọ̀bọ jọ ní baba ńlá kan, tipẹ́tipẹ́."

"Bóyá tiyín ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Tiwa wá láti Wádáì."

"Àwọn ará Wádáì náà ńkọ́, sà? Níbo làwọn ti wá?"

Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́. Èmi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n lọ pọnmi, bẹ́ẹ̀ omi kún ìkòkò dẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nígbà tó wọlé, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì, bàbá mi sì fẹ́ràn ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó bá gbà pẹ̀lú òun lọ. Ó ní òun ó ronú sí i. Ìyẹn ni pé ó fẹ́ rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń pàdé ara yín lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wa, a ó tú ìdílé rẹ̀ wò bí àwọn aṣọ́bodè ṣe ń tú ẹrù. Ìwádìí là ń pè é. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ó gbé àpò, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó ní gàrí lòun ń wá rà. Ẹnu àwọn tó ń yan gàrí ló ti ń gbọ́ ìtàn ilé onílé. Nígbà tó padà, ó jókòó sí pálọ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì ròyìn.

"Kò sí adẹ́tẹ̀. Kò sí wèrè. Kò sí ẹni tí wárápá ń gbé. Wọn ò jalè rí, wọn kì í lu ìyàwó. Gàrí wọn náà dáa."

"Kò sí àbùkù kankan rárá?" ni bàbá mi béèrè.

"Ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ mẹ́ta. Àbíkú ni wọ́n. Wọ́n ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn máa ń wú kí wọ́n tó lọ."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Ilé ta ni ìyẹn ò ti sí? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ò sin méjì ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín kékeré, ẹ̀rín ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ìyá mi, tó bí àwọn méjì náà, ń ṣa ẹ̀wà ní ẹnu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orí ba ẹ̀wà rẹ̀, ó ń ṣà á lọ.

Ẹ wò ó, Ìyá Àgbà gbọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Bí ìwádìí náà bá kùnà ni, ì bá sàn fún mi. Ó dé ibi tó yẹ kó dé gan-an, ó fọwọ́ kàn án, ó sì ré kọjá, torí pé ohun tó bá níbẹ̀ jọ ti ilé wa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìyẹn, tíṣà náà wá bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọsibítù. Ó ní wọ́n ti yẹ tòun wò nígbà tóun wà ní yunifásítì, àti pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí òun kò ní fẹ́ kí òun àti ìyàwó òun jọ ní.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni kí wọ́n yẹ̀ wò?" Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ilé yìí ni wọn ó rọ sínú ìgò kékeré, tí ọmọ tí n kò mọ bàbá rẹ̀ yóò máa yọjú wò? Tó o bá fẹ́ wo ẹ̀jẹ̀, lọ sí ìsọ̀ alápatà. Tó o bá sì tún dárúkọ ẹ̀ níbí, gbàgbé ọmọ mi."

Ọkùnrin tó ti bá gbogbo ìyá ìlú jiyàn lórí ọ̀bọ kò lè bá àna rẹ̀ jiyàn. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀.

Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí àwọn méjèèjì ò yọ́ lọ sí ọsibítù. Èmi náà béèrè nígbà tí mo dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rù ló ba òun. Tí òun bá lọ, òun ó mọ̀. Tí òun bá sì mọ̀, òun ó ní láti fi í sílẹ̀.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Wọ́n gba yàrá méjì ní ọ̀nà Ìjagun, wọ́n bí ọmọkùnrin kan. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá mi gbé e sókè, ó ka ìran láti Wádáì dé orí rẹ̀, ó fi orúkọ kan kún un lókè. Kí ọmọ náà tó rìn dáadáa ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ wú. Mo ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Mo máa ń fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ orúnkún rẹ̀, tí ẹyinjú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, tí yóò máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo mọ ìgbà tí yóò tán. Nígbà tí kò bá dùn ún, aláwàdà ọmọ ni. Ó máa ń rìn bí bàbá mi ṣe ń rìn, ọwọ́ lẹ́yìn, ikùn níwájú. Ọjọ́ kan tó ń dùn ún, ó bi mí pé, "Àǹtí Kékeré, ṣé egungun náà máa ń sunkún ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Tèmi ń sunkún."

Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kẹ́yìn, bàbá mi jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti àárọ̀. Ní ọ̀sán, ó yíjú sí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò bínú. Ohùn ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ mọ nǹkan ló fi béèrè.

"Nínú àwọn baba ńlá mi tí mò ń kà yìí, ta ló mú nǹkan yìí wọ ilé wa?"

"Ẹni tí kò kú ni, sà."

"Kí lo wí?"

"Ibà, sà. Láyé àtijọ́ ibà ń pa àwọn ọmọdé bí ẹni ń ká ilá. Ẹ wo èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn. Lára ẹnì kan, ìlẹ̀kẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo yí padà. Ọmọ tó bá gba okùn kan tó yí àti okùn kan tí kò yí, ibà kì í tètè rí i pa. Ó dàgbà, ó bímọ, ó fi jogún fún wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí kò ní in ni ibà kó lọ. Bó ṣe di púpọ̀ láàárín wa nìyẹn. Àmọ́ ọmọ tó bá gba okùn tó yí lọ́wọ́ bàbá, tó sì tún gbà á lọ́wọ́ ìyá…" Ó wo bẹ́ẹ̀dì.

"Ohun tó gba àwọn baba mi là ló ń pa ọmọ mi yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta la ó wá pè lẹ́jọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Ẹ̀fọn ni."

Bàbá mi di ọwọ́ ọmọ náà mú. N kò gbọ́ kó ka ìran rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ọmọ náà kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé wa. Ìyá Àgbà mú bíléèdì tuntun jáde nínú bébà rẹ̀. Kò sí ìkà nínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn méjì ti ìyá mi ló fẹ́ ṣe.

"Ẹ jẹ́ kí n gé etí rẹ̀ díẹ̀," ló wí. "Kó mọ̀ pé a ti mọ̀ ọ́n. Kó má tún wá dá yín lóró mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wólẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. "Ẹ dákun, Ìyá, ẹ má gé e. Kò dá mi lóró. Tó bá ń bọ̀, kó máa bọ̀. Mo fẹ́ kó padà."

"Tíṣà, bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀. Ìwọ lo mọ̀wé."

Gbogbo wa wo ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. A rò pé yóò sọ ohun tó máa ń sọ: pé kò sí ọmọ kankan tó ń lọ tó ń bọ̀, pé ìlẹ̀kẹ̀ ni, pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ó gba bíléèdì náà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà jẹ́jẹ́, ó fi í sápò.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá," ló wí. "Kó lè rí ọ̀nà ilé dáadáa."

Wọn ò bí òmíràn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ bàyọ́lọ́jì lọ, àmọ́ wọ́n ní tó bá ti dé orí ẹ̀jẹ̀, ó máa ń ní kí àwọn ọmọ kà á fúnra wọn.

Ayé ti yí padà, mo sì dúpẹ́ pé ó yí. Lónìí, ìjọ kankan kò ní so yín pọ̀ tí ẹ ò bá mú èsì àyẹ̀wò wá. Ẹ ti ń béèrè jẹ́nótáìpù ara yín kí ẹ tó béèrè orúkọ, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí ọmọkùnrin kan tó ń sọ pé "AA ni mí" bí ẹni pé ọba ló fi í jẹ oyè, bí ẹni pé òun ló yan àwọn òbí rẹ̀. Ìlú wa kò lè wà láì fi ẹ̀jẹ̀ ṣe fáàrí.

Èmi náà lọ sí yunifásítì. Mo ka ti ibà, mo ka ti ẹ̀jẹ̀, mo rí bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń tẹ̀ bí dòjé nígbà tí mo fojú mi sí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Mo mọ̀ pé ẹni tó lọ ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti di arúgbó báyìí, kò sì sí ìsọmọlórúkọ tí kì í lọ ní àdúgbò wa. Tó bá jẹ́ ọmọkùnrin ni wọ́n bí, yóò gbà á, yóò wo ojú rẹ̀ pẹ́, yóò sì dá a padà fún ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mi máa ń fi í rẹ́rìn-ín. N kò bá wọn rẹ́rìn-ín rí. Èmi náà máa ń wo ojú àwọn ọmọ náà.