Ohun tí mo rí nídìí sítóòfù

Gáàsì tán nílé wa ní Àgọ́ Palace lánàá, mo bá tan sítóòfù. Bí mo ṣe pa á, òórùn òwú rẹ̀ gbá mi nímú, mo sì rántí ọ̀sán tí ilé ìdáná tí gbogbo ilé jọ ń lò jó ní Mafolúkù, nígbà tí mo wà ní kékeré.

Bàbá onílé kó gbogbo ayálégbé jọ, wọ́n bèèrè ẹni tó fi sítóòfù sílẹ̀ láìpa á.

Ìyá Wálé, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ní, "Mo ti pa tèmi."

"Irọ́ ni," màmá mi dáhùn.

Bàbá onílé yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, sọ òótọ́. Kí lo rí?"

"Mo rí Ìyá Wálé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sídìí sítóòfù wọn, tí èéfín ń rú."

Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sítóòfù ni òwú rẹ̀ máa ń rú èéfín bẹ́ẹ̀.

Ìyá Wálé wò mí títí. "Ọmọ yìí ò purọ́," ni wọ́n sọ.

Sítóòfù tiwa náà wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí nípa rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bàbá onílé, tó ka èéfín yẹn sí iná tí wọn ò pa, lé Ìyá Wálé jáde. Màmá mi bu ẹran méjì fún mi, wọ́n ní nítorí pé mo sọ òótọ́ ni.