Ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì Lẹ́yìn Dúrótoyè

Ẹ wò ó, lọ́dún tí rélùwéè ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Jọ́ọ̀sì, tí ẹ bá dé àdúgbò Gàngárè níbẹ̀ tí ẹ ní ẹ̀yìn ń dùn yín, ọmọdé pàápàá á mú yín lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì. Lydia lorúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un. Bàbá Moses, akọ̀wé rélùwéè, lọkọ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ọkọ ẹ̀ yìí.

Ẹni tó bí ìbejì làwọn èèyàn wa máa ń bẹ̀ kó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn tó bá há. Àwọn mìíì á kàn tẹ̀ ẹ́ gìrì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Tiẹ̀ kọ́ nìyẹn. Á kọ́kọ́ yan iyọ̀, á dì í sínú àkísà, á fi jó ẹ̀yìn ẹni náà títí á fi làágùn. Á fi òrí ra á. Ìgbà yẹn ni á wá di ògiri mú, á máa fi gìgísẹ̀ rìn ín díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Àwọn Hausa tó ń wa kùsà náà ń wá: "Sannu, Mama, bayana," ìyẹn ni pé ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá, ẹ̀yìn mi. Tí wọ́n bá dìde, wọ́n gbọ́dọ̀ rìn yí ilé ká. Ẹni tó bá fẹ́ padà dùbúlẹ̀, ìgbálẹ̀ ni á fi lé e.

Inú Kátíkíìsì wa, Bàbá Akínwọlé, ò dùn sí i. Imú ni bàbá yẹn fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn kọ́lé sí nímú. Ó ní ẹsẹ̀ ni Ìyá Ìbejì fi ń bọ òrìṣà. Tó bá tún gun ẹ̀yìn ẹnì kan, kò ní jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ mọ́, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tí Ìyá Ìbejì fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀. Bàbá Moses ń bẹ ìyàwó ẹ̀ pé kó sinmi, kó má dójú ti òun.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bá a ṣe ń jáde nísìn, wọ́n gbé Dúrótoyè, òṣìṣẹ́ rélùwéè kan, dé lórí ilẹ̀kùn pákó. Irin ojú ọ̀nà rélùwéè ló ń gbé tó fi ṣe é léṣe. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti há, kò lè yíra padà.

"Ìyán Ẹgbẹ́n," ni Kátíkíìsì wí, "ẹ ránntí ohun tín mo sọn."

Gbogbo wa ń wò. Ìyá Ìbejì tú ìborùn funfun ẹgbẹ́ lọ́rùn, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé Kátíkíìsì lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n lọ yan iyọ̀ wá nílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá Kátíkíìsì, èmi ò bọ nǹkan kan," ló wí, ó ń bọ́ bàtà. "Ẹ̀yìn ọkùnrin yìí ló há. Ipò yín nìyẹn, ẹ gbà á. Ẹsẹ̀ tèmi ni."

Ó fi iyọ̀ gbígbóná jó o, ó ra á, ó gùn ún níbẹ̀. Èjìká ọkọ ẹ̀ ló dì mú bí ògiri, Bàbá Moses ò ráyè sá. Dúrótoyè kérora, ó bú wa, ó pe ìyá ẹ̀. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ ti ara ẹ̀ dìde. Kò nà tán o, ó tẹ̀ bí dòjé, àmọ́ ó ń rìn.

Wọ́n gba ipò náà lóòótọ́, wọ́n fún ìyàwó Kátíkíìsì. Ìyá Ìbejì ò tọrọ ẹ̀ padà. Ọjọ́ Àìkú kejì, bí wọ́n ṣe jáde nísìn, ó tẹ́ ẹní síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ bàtà, ó bi wọ́n pé ta ló kàn.