Àpótí Oníhò Mẹ́rìndínlógún

Àbúrò ọkọ mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ẹnjiníà, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo rántí ìgbà tí ó gbé àpótí dúdú kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Festac. Àpótí náà ní ihò mẹ́rìndínlógún níwájú, iná wẹ́wẹ́ sì ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ó ní rúta ni, pé òun ni yóò gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti orí òrùlé, tí yóò sì máa darí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ó kàn án mọ́ ògiri, ó fi àwọ̀n irin bò ó, ó ti àgádágodo mọ́ ọn, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi olóògbé ni ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà síwájú ilé. Èmi, tíṣà jẹ́ọ́gíráfì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, ni mo kó kọ̀ǹpútà mẹ́wàá sí i, tí mo sọ ọ́ di káfẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

N kò bi í ní ìbéèrè kankan. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án ju Ẹnjiníà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọ ilé wọn, nítorí náà ọkọ ni ó jẹ́ fún mi. Mo ń kúnlẹ̀ kí i, òun sì ń pè mí ní ìyàwó wa. Èmi tí mo ti bá ọ̀gá ilé-ìwé mẹ́ta fa wàhálà wá ń gba abẹ́ àpótí kọjá jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ń sùn.

Kò pẹ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Bí oníbàárà bá jẹ́ méjì, ó dára. Bí àga bá kún, ènìyàn lè jáde lọ ra gúgúrú, kí ó padà wá bá ojú ewé ní funfun báláú. Mo dá òjò lẹ́bi, mo dá jẹnẹrétọ̀ lẹ́bi, lẹ́yìn náà mo dá àwọn oníbàárà lẹ́bi. Mo lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ẹni tó bá fẹ́ ṣí ojú ewé tuntun gbọ́dọ̀ nawọ́ sókè, kí n fún un láyè. Àwọn bàbá onírùngbọ̀n ń nawọ́ bí ọmọ kíláàsì kìíní. Awakọ̀ kan láti Mazamaza wò mí títí, ó ní, “Mọ̀mí, tí mo bá fẹ́ tọ̀ ńkọ́, ṣé màá nawọ́ náà ni?”

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n ń ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ewé ń yára ṣí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fura nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ránṣẹ́ pè mí wá sí ilé rẹ̀ ní Kuje tó wà nítòsí Festac. Ẹnjiníà ti sọ fún ẹbí pé mo ń ṣe àwọn oníbàárà bí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń sá lọ. Pé opó tí kò mọ ẹ̀rọ ni mí, kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi fún òun. Wọ́n fi ìpàdé sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Láàárọ̀ Sátidé, mo fi òòlù fọ́ àgádágodo náà. Mo yọ wáyà tó ti orí òrùlé wá kúrò lára àpótí, mo kì í bọ kọ̀ǹpútà kan tààrà. Kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ojú ewé ti ṣí. Mo dá a padà, mo tan gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mo kà dé àádọ́rùn-ún kí ojú ewé kan tó ṣí. Mo tú àpótí kúrò lára ògiri, mo yí i dojú dé, mo wọ awò ojú, mo rí orúkọ tí àwọn tó ṣe é kọ sí i nídìí: swíìṣì. Mo tún ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà kan yẹn, ibẹ̀ ni mo ti kà á pé swíìṣì kàn ń so ẹ̀rọ pọ̀ ni. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa, kọ̀ǹpútà mẹ́wàá sì ń já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Rúta nìkan ló lè pín in fún wọn.

Mo gbé àpótí náà lọ sí Kuje nínú báàgì ọjà. Mo kúnlẹ̀. “Bọ̀dá Ẹnjiníà, ẹ jọ̀wọ́, kí lorúkọ nǹkan yìí?”

“Rúta ni. Ṣé mi ò ti sọ fún ọ ni?”

Mo yí i pa dà, mo fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní awò mi. Ó ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè, ketekete. Ìyàwó ilé kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù di tèmi lọ́jọ́ náà. Ẹnjiníà mú fìlà rẹ̀, ó jáde, kò sì tẹ ilé mi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró níwájú pátákó. Mo mọ bí ọmọ tí kò mọ ìdáhùn ṣe máa ń lọgun. Ǹ bá ti pe Ẹnjiníà sí kọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀, mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

Káfẹ́ ti kú tipẹ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì ti wọ inú fóònù. Lọ́dún tó kọjá, Ẹnjiníà wá jókòó sí ìloro mi, orí rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ó mu omi tí mo gbé fún un tán, ó di ife náà mú, ó ní: “Ìyàwó wa, ọjọ́ tí mo ra àpótí yẹn, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ìwọ tíṣà ni mo fẹ́ bi, àmọ́ gbogbo ilé ti ń pè mí ní Ẹnjiníà.”