Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gba Ife Lọ́wọ́ Wa

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí rẹfirí fọn fèrè ìparí eré nínú rédíò, inú máa ń bí mi. Àwọn ọmọ mi rò pé ariwo ni n kò fẹ́. Wọn kò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n gbá ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí òmìnira kò tíì dé, ni kò tíì tán lára mi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Ọdún kẹta mi níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú gbé iṣẹ́ aṣọ wọn wá fún ọ̀gá mi, ó sì ní kí èmi rán nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn wọn. Láti orí nọ́ńbà ni mo ti bá ara mi létí pápá. Kí oṣù kan tó pé, mo ti ya wèrè bọ́ọ̀lù. Fìdítì o, Ìsẹ́yìn o, kò sí ibi tí wọ́n lọ tí n kò bá wọn lọ nínú bọ̀lẹ́kájà, eruku lójú, ẹ̀pà nínú ìṣẹ́po aṣọ. Mo gbà tọkàntọkàn pé bí n kò bá dúró sẹ́yìn ilé góòlù, bọ́ọ̀lù kò ní wọlé. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ bá Ìwó gbá, mo kánjú rán apá aṣọ ọmọdé mọ́ bùbá ìyàwó olówó kan. Oṣù kan gbáko ni ọ̀gá mi fi sọ ọ̀rọ̀ náà.

Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni mo fẹ́ràn jù. Òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa, òun náà ló sì ní òun fẹ́ fi mí ṣaya. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá tọrọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n ìyá mi yarí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní fi ọmọ fún ẹni tó ń fi ṣòkòtò péńpé sáré kiri lójú àgbà, pé irú wọn kì í ka àna sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí.

Bí Ọlọ́run ṣe wá ṣe é, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló jọ dé àṣekágbá ìdíje ife ọdún náà, ní pápá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ló sì ń ṣọ́ ilé góòlù fún Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ilé wa ló jáde. Ìyá mi gbé àpótí ìjókòó ti etí pápá, wọ́n fi ìborùn bo orí. Èmi wà láàárín àwọn ará Ọ̀yọ́, lẹ́yìn ilé góòlù ẹ̀gbọ́n mi, mo ń kígbe pé kí wọ́n gbá a kọjá lára rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé èmi ni, ó sì mirí.

Eré kù díẹ̀ kó parí, góòlù kọ̀ọ̀kan ni a jẹ. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án wa gba bọ́ọ̀lù, ó gé ẹni méjì kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde pàdé rẹ̀, wọ́n kọlu ara wọn, ẹ̀gbọ́n mi sì ṣubú gbì. Bọ́ọ̀lù yí, ó dúró níwájú ilé góòlù tó ṣófo. Ìṣísẹ̀ méjì péré. Rẹfirí kò fọn fèrè. Mo ti na ọwọ́ méjèèjì sókè. Àfi bí ọkùnrin yìí ṣe yíjú kúrò lára bọ́ọ̀lù, tó nà gbalaja sínú eruku níwájú ẹ̀gbọ́n mi, tó fi àyà kanlẹ̀.

“Ẹ má bínú, àna mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.”

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà lọ sí òdìkejì. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún wa ṣì ń wo ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé sí i lẹ́yìn. Eré parí.

Ẹ sọ fún mi, irú kí nìyẹn? Àwọn ará Ọ̀yọ́ dojú ìbínú kọ mí, wọ́n ní èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ra nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi, tó sùn sílẹ̀ bí àpò gààrí, ló ń sọ kiri pé òun ló gba ìlú sílẹ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ìyá mi. Wọ́n dìde lórí àpótí, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n ní kí bàbá mi ránṣẹ́ sí àwọn ará Ọ̀yọ́ kí wọ́n wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

“Ọmọ yìí mọ àna,” ni wọ́n wí.

Gbogbo obìnrin àdúgbò ń bá mi yọ̀. Ta ló bi mí léèrè? Ife ni mo ní kí ọkùnrin náà gbé wá. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Ọ̀yọ́ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé wọn, wọ́n ní ó ta eré. Ìyẹn náà tún bí mi nínú. Èmi tí n kò tíì dáhùn ìkíni rẹ̀ ni mo lọ bá akọ̀wé wọn, mo sì sọ̀rọ̀ sí i títí ojú fi tì í. Wọn kò gbà á padà. Ọkùnrin náà kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé rẹ̀.

A fẹ́ra, a bímọ, a sì dàgbà. Ó lé ní ogójì ọdún kí n tó bi í léèrè ìdọ̀bálẹ̀ ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí a jọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun kò ṣèèṣì. Òun rí ìyá mi lórí àpótí yẹn, òun sì mọ̀ pé bí òun bá fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ nínú eruku, òun kò ní rí mi fẹ́.

Mo ní, “Ṣé ẹ kò lè gbá a wọlé ná, kí ẹ tó dọ̀bálẹ̀ ni?”

Ó ní, “Ìyá wọn, kò wá sí mi lọ́kàn.”

Mo bínú dìde, mo wọlé, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí tí a ti sin ín. Inú ṣì ń bí mi, n kò sì rí ẹni bá jà mọ́.