Omi Tí Àwọn Ìyá Ìlà Ìsọ̀ Wa Kì í Gbé Mì

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé màmá mi ní láti gbé mi sórí àpótí kí n tó lè rí òkè tábìlì ọjà wọn, mo ti mọ bí èèyàn ṣe ń tan òǹgbẹ jẹ. Òṣòdì ni ìsọ̀ wọn wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti síìpù ni wọ́n ń tà. Àpótí náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ má bínú tí mo bá ń dìde láàárín ọ̀rọ̀ o. Ara mi ò lélẹ̀ láti àárọ̀, wíńdò ni mò ń wò, torí ọmọ ọmọ mi ò tíì dé láti ilé ìwé, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sì kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Màá dé ibẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn ìyá tó wà ní ìlà ìsọ̀ wa kì í mu omi lọ́jà. Kì í ṣe pé omi ò sí o. Ibi tí wọ́n máa tọ̀ ọ́ sí ni kò sí. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn á kàn kọjú sí ògiri, tàbí kí wọ́n sọdá ojú irin, ó parí. Obìnrin tó bá dán irú ẹ̀ wò, àwọn ọmọ ìta á máa súfèé sí i, kó sì tó padà dé, wọ́n ti lè kó ọjà rẹ̀ lọ. Nítorí náà, láti ìgbà tí wọ́n bá ti pàtẹ títí wọ́n á fi palẹ̀ mọ́, wọ́n kàn máa ń fi omi yọ ẹnu ni, wọ́n á sì tu ú dànù. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e mì, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ di ìrọ̀lẹ́. Tí ààwẹ̀ bá dé, àwọn Mùsùlùmí inú wọn máa ń sọ pé oúnjẹ nìkan ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, pé ààwẹ̀ omi ti wà lẹ́nu àwọn tipẹ́. Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín lórí àpótí mi pẹ̀lú ọ̀fun tó ti gbẹ, torí tí màmá mi bá mú mi dání, èmi náà ò gbọdọ̀ mu omi.

Wọ́n gbà pé agbára ni. Obìnrin tó bá lè mú un mọ́ra ni wọ́n ń pè ní obìnrin. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí. Tí orí bá ń fọ́ màmá mi lọ́sàn-án, wọ́n á ju oògùn sẹ́nu, wọ́n á fi itọ́ lásán gbé e mì. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á wá mu omi bíi pé wọ́n fẹ́ mu àmù gbẹ. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé tí wọ́n bá lọ tọ̀ ní balùwẹ̀, wọ́n máa ń fi ọwọ́ kan di ògiri mú, wọ́n á sì di ojú pinpin. Ìtọ̀ wọn pọ́n bíi tíì tí ò ní mílíìkì. Mo bi wọ́n pé kí ló ń dùn wọ́n, wọ́n ní oòrùn ọjà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, télọ̀ kan ní òdì kejì pè wọ́n pé kí wọ́n mú síìpù dúdú wá. Wọ́n dìde, wọ́n ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀, ni wọ́n bá ṣubú sórí òkúta etí ojú irin. Mo fò sílẹ̀ látorí àpótí. Ara wọn gbóná, ètè wọn ti là. Nígbà tí wọ́n lajú, wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n sì fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi. Mo rò pé wọ́n ti ń lọ nìyẹn.

Àwọn ìyá ìsọ̀ gbé wọn dé ilé ìwòsàn, èmi náà sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá fi ìka fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ màmá mi sókè, awọ náà sì dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà sílẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n mu omi gbẹ̀yìn?"

Àwọn ìyá ń wo ojú ara wọn.

"Wọn kì í mu omi lọ́jà, mà," èmi ni mo sọ ọ́. "Kò síbi tí wọ́n máa tọ̀ sí."

Nọ́ọ̀sì náà fọwọ́ kan iwájú orí màmá mi. Ó ní kòkòrò ti wọ àpò ìtọ̀ wọn, ó sì ti ń gòkè lọ sí kíndìnrín. Ó ṣàlàyé fún àwọn ìyá náà pé omi tí èèyàn ń mu lójoojúmọ́ ló ń bá wa fọ ibẹ̀, pé òun náà ni kì í jẹ́ kí orí máa fọ́ni, kí òòyì máa kọ́ni, kí ìgbẹ́ sì le. Wọ́n fa omi sí màmá mi lára. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fi orúkọ mi gan-an pè mí. Nígbà tí wọ́n pè é, mo sunkún títí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà fi gbé mi jáde.

Alhaja àgbà kan wà, ọmọ onílẹ̀ Òṣòdì ni wọ́n, ẹ̀yìn ilé wọn gan-an ni ìlà ìsọ̀ wa wà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn, wọ́n jáde sí àwọn ìyá ìsọ̀.

"Látọjọ́ tí ẹ ti ń jókòó sẹ́yìn ilé mi, ṣé ẹnu ń dùn yín ni, tí ẹ ò fi lè sọ̀rọ̀? Ilẹ̀kùn rèé. Ẹ máa wọlé."

Látìgbà náà, ẹnì kan á máa bá ẹnì kejì wo ìsọ̀, wọ́n sì ń pín balùwẹ̀ Alhaja fọ̀ láàárín ara wọn. Màmá mi ra ìkòkò omi kékeré kan sábẹ́ tábìlì. Níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá mu omi tán, wọ́n á wọ̀tún wòsì bí ẹni tó jalè. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbàgbé láti máa wò. Orí tó máa ń fọ́ wọn lọ́sàn-án lọ pátápátá, wọ́n dàgbà, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ara wọn pọn àwọn ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n tún yọjú. Rárá, ọmọ àwọn ará òdì kejì ni.

Ire-Akari ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Omi wà níbi gbogbo. Ó wà nínú fíríìjì, ó wà nínú píọ̀ wọ́tà, ó wà nínú ike aláràbarà tí àwọn ọmọ ń gbé kọ́ èjìká. Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ mi pé omi ń tún awọ ara ṣe, omi ń dáàbò bo kíndìnrín. Òótọ́ ni. Àmọ́ ike ọmọ ọmọ mi, bó ṣe ń kún lọ láàárọ̀ ló ṣe ń kún bọ̀. Tó bá sì dé, ẹnu ẹ̀rọ omi ló kọ́kọ́ máa ń sáré lọ. Ìyá rẹ̀ bá a wí títí, ó ní olóríkunkun ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn ò pa dé tán. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, mi ò bi í léèrè omi.

"Níbo lẹ ti máa ń tọ̀ ní sùkúù yín?"

Ó dorí kodò. "Màmá, ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì wa kì í tì. Àwọn bọ́ìsì máa ń wá ṣí i, wọ́n á máa fi wá rẹ́rìn-ín."

Mo ti gbé e dé ilé ìwòsàn kí ìyá rẹ̀ tó tibi iṣẹ́ dé. Àìsàn ti wọ ìtọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ a tètè dé, ó ń lo oògùn lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ lọ bá wọn ní ilé ìwé náà, lọ́nà Èjìgbò níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn á fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn, òní ni wọ́n sì dá fún un. Ẹ ti wá rí ohun tí ò jẹ́ kí n jókòó.

Ó ti dé. Mo gba ike náà kó tó kúnlẹ̀ kí mi tán. Ó wúwo. Kò dín rárá.

"Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màmá."

Ayé ti yí padà, mi ò jiyàn. Nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó ń sọ fún obìnrin pé kó mu omi. Lónìí, gbogbo ayé ló ń sọ fún un, ibi tó máa lọ lẹ́yìn tó bá mu ún tán ni wọn ò bá a wá. Alhaja ò sọ fún màmá mi pé kí wọ́n mu omi. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí.

Èmi ò ní ilé lẹ́yìn ilé ìwé yẹn. Àpótí ni mo ní. Tí ọmọ yìí bá ń lọ lọ́la, a jọ ń lọ ni. Màá gbé àpótí náà síwájú tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn, màá kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, màá sì jókòó síbẹ̀ títí gbogbo ọmọbìnrin tó bá fẹ́ tọ̀ á fi tọ̀ tán. Ọmọ mi ní ojú máa ti òun. Mo ti gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, mo sì ti bu omi kún ike tèmi náà.